Ta Ló Kó Gàrí Jọ sí Ilé Màmá Elizabeth?

Alága wa, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán gbogbo yín létí ẹni tó dìde dúró níwájú yín yìí. Èmi Pamílẹ́rìn ọmọ Motún, èmi ni mo fi Gẹ̀ẹ́sì ẹnu lásán lé irinwó sójà jáde ní Ajue, abúlé wa yìí. Mi ò mú igi, mi ò ju òkúta. Mo kàn la ẹnu ni, mo yọ àwọn ọ̀rọ̀ tó gùn ju títì Èkó sí Benin lọ, àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára ọkọ̀ wọn bí ẹyìn tó pọ́n jù, ìbọn sì gbàgbé bí òun ṣe ń dún. Gbogbo yín lẹ mọ ìtàn yẹn. Ẹ̀yin náà lẹ ń sọ ọ́ fún àlejò. Nítorí ẹ̀ lẹ ṣe pe àpéjọ yìí, nítorí ẹ̀ náà lẹ ṣe ra àpótí onírin aláwọ̀ búlúù tó wà lórí tábìlì yẹn fún mi. Ẹ jẹ́ kó máa wà níbẹ̀ ná. A ṣì máa padà dé orí ẹ̀.

Ó yá, kí n wá kí yín láti òkè wá sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ ìta Ore ni mo jẹ́.

Olóyè Olúwadáre, alága wa, ẹ̀yin tí ẹ ni ilẹ̀ tí ìdajì wa ń dáko lé lórí, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Bàbá Ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ yá wa ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ sì ti ń wo aago ọwọ́ yín láti ìgbà tí mo ti dìde, mo kí yín. Màmá Elizabeth, ẹ̀yin agbẹ̀bí wa, ẹ̀yin tí ìdajì àwọn tó jókòó síbí kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́ kí wọ́n tó rí ìyá tiwọn gan-an, mo kí yín. Ọ̀gbẹ́ni Akínwọlé, tíṣà mi, ẹ̀yin tí ẹ gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ore nínú oòrùn yìí, mo kí ẹ̀yin, mo kí kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ̀yin àlejò wa láti Agbabu, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kàn ń kọjá lọ, tí ẹ sì ti jẹ ìrẹsì àwo méjì-méjì, ẹ kú ìkọjá. Ìyá mi, Motún, ẹ má tíì sunkún, kò tíì kàn yín. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó wà lórí ògiri, ẹ sọ̀ kalẹ̀, àná ni wọ́n mọ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ igi máńgòrò, tí ẹ jókòó lọ́tọ̀ bíi pé ẹ̀ ń dúró de ọkọ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo kí jù. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí tó wà lẹ́yìn mi pé ìdágbére ni. Ó dáa. Lóòótọ́, mò ń lọ sí iléèwé àwọn olùkọ́ ní Oǹdó lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ní tèmi o, ìfẹ̀yìntì ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo gbà, àmọ́ ogójì ọdún gbáko ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní abúlé yìí, tí ẹ bá ka gbogbo ìgbà tí ẹ jí mi lójú oorun mọ́ ọn.

Ta ni kò tíì rán mi níṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú yín? Lẹ́tà dé láti Èkó, ẹ pe Pamílẹ́rìn. Kánsù lẹ ìwé mọ́ ògiri, ẹ pe Pamílẹ́rìn. Ìgò oògùn kòkó ṣófo, ẹ pe Pamílẹ́rìn kó wá ka ohun tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá Àìná, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ lẹ́tà sí ọkọ yín ní Sapele, kí n bú u ní Gẹ̀ẹ́sì kó lè dùn ún dọ́kàn. Mo fi ojú ewé mẹ́ta bú u. Nígbà tó wálé lọ́dún Kérésìmesì, ó ra aṣọ fún yín, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn òun tó báyẹn. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ẹni tó kà á fún un ní Sapele rí ohun tí mo kọ, ẹ̀rù bà á, kò sì túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe rí. Ẹ rẹ́rìn-ín o. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ògbufọ̀ tí ẹ̀rù bà tí kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí, ẹ fi í sọ́kàn fún mi.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀, ó ti sú mi. Mò ń sọ ọ́ níwájú tíṣà mi. Ó sú mi pátápátá, àgàgà lórí ọ̀rọ̀ kíkó nǹkan jọ.

Nínú èdè tiwa, ẹni tó bá kó nǹkan jọ ti kó o jọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. À ń kó igi ìdáná jọ, à ń kó kòkó jọ, à ń kó èèyàn jọ, à ń kó ìdọ̀tí jọ. Ṣé ẹnì kan ti ṣìnà rí nítorí ẹ̀? Ṣé ẹ ti rán ọmọ rí pé kó lọ kó igi jọ, kó wá lọ kó pásítọ̀ jọ? Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Akínwọlé wọ kíláàsì lọ́jọ́ kan ní ọdún tó kọjá, wọ́n kọ wọ́n sójú pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀: gather, collect, assemble, accumulate, amass, pile, stack, hoard. Mo kọ́kọ́ rò pé orúkọ àwọn ọmọ tí kò tíì san owó iléèwé ni.

Wọ́n ní gather ni ohun tó bá fọ́n káàkiri tí o wá mú wá sójú kan, bí ewé, bí igi, bí àgbàdo. Èèyàn náà lè gather fúnra wọn láìsí ìpè, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá dojú dé ní Ore. Mo ní ó yé mi. Wọ́n ní collect ní ìdí nínú, pé ohun tó o mọ ìdí tó o fi fẹ́ ẹ lò ń collect, o sì lè lọ collect aṣọ rẹ lọ́dọ̀ télọ̀ bó bá ti parí. Mo ní télọ̀ tèmi kì í parí. Wọ́n ní kí n dìde dúró. Wọ́n ní assemble ni ti àwọn èèyàn tí agogo pè, tàbí ti irin tí wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò padà. Mo béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ wọn tí wọ́n tú palẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti assemble. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ àwọn tó kù. Accumulate, díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀, nígbà mìíràn kò sẹ́ni tó dá ọwọ́ lé e rárá: eruku lórí àjà, omi òjò nínú kòtò, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nínú abúlé. Amass ni ti ohun ńlá, ọrọ̀ àti agbára, bíi ti àwọn olóṣèlú tí sójà lé lọ. Mo na ọwọ́ sókè, mo ní èmi lè amass igi ìdáná. Wọ́n ní tálákà kì í amass nǹkan kan. Pile ni kó o dà á lé ara wọn bó bá ṣe rí, stack ni kó o tò ó létòlétò, bí a ṣe ń to àpò gàrí. Ìgbà tí wọ́n dé orí hoard ni wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, òun nìkan ni ìwà rẹ̀ burú. Wọ́n ní ẹni tó hoard kó nǹkan jọ, ó fi pamọ́, ó sì ń dúró kí ojú pọ́n ẹlòmíràn kó tó mú un jáde.

Tíṣà, ẹ ò rí i pé mo gbọ́ gbogbo ẹ̀? Ẹ ń sọ pé mi ò fetí sílẹ̀. Wọ́n wá ní kí a lọ lo gbogbo wọn lẹ́nu kí ọjọ́ Ajé tó dé. Iṣẹ́ àmúrelé yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn náà.

Ẹ̀yin àlejò Agbabu ò sí níbí nígbà yẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí fún yín. Ọdún tó kọjá ni, oṣù kọkànlá, ọ̀sẹ̀ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ rántí bí ìlú ṣe le. Iyọ̀ di ohun tí wọ́n ń fi ṣíbí wọ̀n. Ọṣẹ di ohun tí ìyàwó ń tì mọ́ inú àpótí. Àwọn sójà tó ń ṣèjọba nígbà yẹn, kí àwọn sójà mìíràn tó wá lé wọn lọ ní oṣù tó kọjá yìí, wọ́n ń já ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń gbé ẹni tí wọ́n bá bá ọjà nínú ilé ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ti máa ń rí i kẹ́yìn.

Àwa wá ní àṣà tiwa. Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìkórè ni olúkúlùkù yóò ti máa gbé ohun tó fẹ́ fún Ọlọ́run lọ sí ilé Màmá Elizabeth, nítorí ilé wọn ló sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí òrùlé ẹ̀ kò sì jò. O gbé e sílẹ̀, o yí ẹ̀yìn padà, o lọ. A kì í kọ orúkọ sí i, a kì í sọ pé tèmi nìyí. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan àpò tó ní tòun ni, ó ti gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn, bí àwọn àgbà ṣe kọ́ wa. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, àpò gàrí mẹ́tàlélógún ti wà nínú yàrá iwájú Màmá, kẹ́ẹ̀gì epo mọ́kànlá, iṣu, àgbàdo, àti ìrẹsì àpò kan ṣoṣo tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá ní irú ọdún bẹ́ẹ̀. Wọ́n stack wọn dáadáa, létòlétò, dé ojú fèrèsé.

Ọkọ̀ sójà wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn.

Sájẹ́ǹtì wọn wo gàrí, ó wo epo, ó wo òkè àjà. Ó béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì pé ta ló ń hoard níbí. Dírẹ́bà wọn tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ béèrè pé ta ló ni ín. Bàbá Ìjọ, ẹ̀yin gan-an wà níbẹ̀, ẹ wo ilẹ̀. Olóyè, ẹ wà níbẹ̀, ẹ wo òkè. Gbogbo yín lẹ gbé nǹkan wá, kò sẹ́ni tó lè ní tòun ni, nítorí ohun Ọlọ́run ni. Mi ò bá yín wí o, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe máa rí lójú ẹni tó ti Èkó gbé ìbọn wá: yàrá tó kún, ogójì èèyàn, kò sì sẹ́ni tó ni nǹkan kan.

Màmá Elizabeth nìkan ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run ló ni ín. Sájẹ́ǹtì ní kí wọ́n lọ pe Ọlọ́run wá. Ó ní bí Ọlọ́run ò bá sí nílé, ẹni tó ni ilé ló ni ẹrù, ó sì ní kí Màmá gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ rántí bí ẹsẹ̀ wọn ṣe yọ̀ lára irin ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rántí pé Màmá ní kí àwọn sójà dúró kí àwọn kọ́kọ́ wọ aṣọ tó mọ́.

Ẹ wá ń pe Pamílẹ́rìn. Mo gbọ́ o. Ẹ pè mí títí ohùn yín fi há.

Níbi tó kù yìí, ohun tí mo ti ń sọ fún yín láti oṣù mẹ́wàá ni pé mo wà ní fèrèsé ẹ̀yìn, pé láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn Gẹ̀ẹ́sì, accumulate lápá ọ̀tún, assemble lápá òsì, títí sájẹ́ǹtì fi ní kí wọ́n gbé Màmá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sì gbà mí gbọ́. Ìyẹn náà ń bí mi nínú. Àwọn àgbàlagbà, ẹ gbà pé ọmọ tí kò lè bú ọkọ Ìyá Àìná kó yé e ló lé sójà lọ. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ kó jẹ́ ọmọ yín ló ṣe é.

Ohun tí ẹ fi ojú yín rí ni pé Bàbá Límátù jáde síwájú. Zubair lorúkọ wọn, ẹ̀yin àlejò, ará Ìkìrun ni wọ́n, wọ́n ti ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ Olóyè láti ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ti ta obì ní Kano nígbà èwe wọn, wọ́n sì gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn sójà yẹn ń sọ Hausa. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Ẹ rí i pé sójà náà rẹ́rìn-ín. Ẹ rí i pé Bàbá Límátù nawọ́ sí àpò gàrí méjì tí wọ́n fi okùn aláwọ̀ ewé so, pé àwọn sójà gbé méjèèjì sọ́kọ̀, pé Màmá sọ̀ kalẹ̀, pé ọkọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Hausa nínú yín. Ẹ fi ojú túmọ̀ ẹ̀ fúnra yín.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ ti ń accumulate. Ẹnì kan ní àbí ẹ rí i bí sójà ṣe bá a rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní kì í kúkú ṣe ọmọ ìjọ, kí ló kàn án. Ẹlòmíràn ní ó fi nǹkan Ọlọ́run ta ọrẹ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ ti ní òun ló lọ pè wọ́n. Láti ìgbà yẹn, ẹ ò kí i lóko. Obìnrin kan ò jókòó ti ìyàwó ẹ̀, Ìdáyátù, níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Olóyè, ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún un pé bó bá ti ká kòkó ọdún yìí tán, kó palẹ̀ mọ́. Mo mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ dá fún un. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá Límátù wá bá mi. Wọ́n ní sójà tó ń sọ Hausa túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn fún sájẹ́ǹtì ní Gẹ̀ẹ́sì, pé èmi tí mo wà ní fèrèsé á ti gbọ́ ọ, kí n jọ̀ọ́ kí n bá wọn sọ ọ́ fún àwọn àgbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Àgbàlagbà ń sọ "ẹ jọ̀ọ́" fún èmi ọmọ ìta. Mò ń wo bàtà mi.

Mo gbọ́ ọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ohun tí sójà yẹn sọ fún sájẹ́ǹtì nìyí: "Bàbá yìí ní òun ló ni àpò méjì tó ní okùn aláwọ̀ ewé. Ó ní Mùsùlùmí lòun, òun kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ní ọjọ́ tí ìyàwó òun ń rọbí, tí ọ̀nà Ore di ẹrẹ̀, ìyá arúgbó yìí ló rìn wá sí abà òun nínú òjò, tó gbẹ̀bí ọmọ òun, pé nítorí ẹ̀ lòun ṣe gbé gàrí wá. Ó ní àwọn tó kù ò lè sọ pé tàwọn ni, nítorí wọn kì í ka ohun tí wọ́n fún Ọlọ́run sí tiwọn mọ́. Ó ní tí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé ẹnì kan, kí ẹ gbé òun, kí ẹ fi ìyá yẹn sílẹ̀."

Sájẹ́ǹtì wo àpò méjèèjì. Ó ní ó dáa, kí àwọn gbé àpò méjì tó ní tòun ni, kí ìrìn àwọn má baà já sí asán. Ẹ gbọ́ o. Àpò tiẹ̀ ni wọ́n gbé. Kò sí hóró gàrí ẹlòmíràn kan nínú ẹ̀.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Kí ló dé? Níbo lẹ̀ ń gbé àga lọ? Sí abẹ́ máńgòrò, lọ́dọ̀ Bàbá Límátù? Adébóyè ọ̀rẹ́ mi, dìde, bá Màmá gbé àga yẹn, ṣé o ò rí i pé ó wúwo fún wọn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ẹ súnra yín.

Ó dáa. Ó ku èyí tó le jù. Olóyè, ẹ má tíì dé fìlà yín padà, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ta ló pe sójà wá?

Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn iléèwé, Ore ni mo máa ń wà, mò ń pe èrò Benin sí ọkọ̀. Sójà kan wà níbi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró, Victor lorúkọ ẹ̀, ó fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì mi, ó máa ń fún mi ní bisikíìtì. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ ìkórè yẹn, iṣẹ́ àmúrelé Tíṣà wà lórí mi, mo ní kí n lò ó fún Victor. Mo ní ní abúlé wa, a máa ń gather, a máa ń collect. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀ dùn mọ́ mi. Mo ní a ti amass ẹgbẹ̀rún àpò gàrí. Ó ní irọ́ ni. Ta ni yóò pè mí ní òpùrọ́ kí n má fi kún un? Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì, mo ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àgbá epo, mo ní ìrẹsì wà nínú yàrá kan tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ṣeé ṣí mọ́ nítorí ó ti kún dé ẹnu. Mo dárúkọ ilé. Mo fi ọwọ́ júwe ọ̀nà. Mo lo gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lójú pátákó àfi hoard nìkan, nítorí mo mọ̀ pé ìyẹn ò dáa. Sájẹ́ǹtì jókòó lẹ́yìn wa, ó ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ ẹran láàárín eyín. Gbogbo ẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ létí.

Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ju èmi lọ. Ẹnu mi ló gbé wọn wá. Kò sí Zubair níbẹ̀, kò sí Hausa kankan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn nígbà tí ẹ̀ ń pè mí, mo wà lẹ́yìn ògiri ibi tí Màmá ti ń yan gàrí, mo ká kò bí ajá. Ká ní mo jáde, ká ní mo sọ pé ìkórè ni, kì bá tí sí ìdí tí Bàbá Límátù fi máa la ẹnu. Victor wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ wá, ó wá yẹ ẹ̀yìn ilé wò, ó sì rí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò mí, ó ní, "Pami, ẹgbẹ̀rún méjì àpò yẹn dà?"

Oṣù mẹ́wàá nìyẹn. Oṣù mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi fi wà lọ́wọ́ mi, mo tì í mọ́ inú, mo ń wo ẹni tó ni ín bí ojú ṣe ń pọ́n ọn. Ẹ ń fún mi lẹ́ran, mò ń jẹ ẹ́. Ẹ ra àpótí, mo ní ẹ ṣeun. Sájẹ́ǹtì béèrè pé ta ló ń hoard ní Ajue, kò sì rí ẹni dá a lóhùn. Èmi ni. Tíṣà, ẹ fún mi ní máàkì mi, mo ti lo gbogbo wọn.

Ìyá mi, ó ti wá kàn yín báyìí, ẹ lè sunkún.

Olóyè, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń parí iṣẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Límátù dúró sórí oko wọn. Mi ò ní ilẹ̀, mi ò ní ohun tí mo lè fi bẹ̀ yín. Àpótí búlúù yẹn kì í ṣe tèmi, ẹ gbé e fún Bàbá Límátù, ẹni tí ẹ rà á fún láìmọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ẹrù àtilọ sínú ẹ̀ o, aṣọ ọdún Límátù ni kó máa wà níbẹ̀. Èmi á fi àpò Ghana-must-go ìyá mi lọ sí Oǹdó. Bàbá Límátù, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí níwájú èèyàn báyìí, ìyẹn náà á dà bí ẹni pé mo fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Màá wá bá yín nílé. Màá wá lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún yìí kò ní le fún yín bí èyí tó kọjá. Kòkó yín á gbẹ láìrí òjò, owó ẹ̀ kò sì ní já yín kulẹ̀. Iyọ̀ á padà sí ọjà ní àpò-àpò, a kò tún ní fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Màmá Elizabeth á tún gba ogún ọmọ sọ́wọ́, ẹsẹ̀ wọn kò sì ní kan ọkọ̀ sójà mọ́ láé. Kẹ̀kẹ́ Tíṣà á gbé wọn délé. Ọmọ tí yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún yín lẹ́yìn mi, Ọlọ́run á fún un ní ẹnu tó kéré ju tèmi lọ àti àyà tó tóbi ju ẹnu náà lọ. Ibi tí ẹ ti tún máa kó nǹkan jọ fún ìkórè ní oṣù méjì sí i, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ẹnì kan kó wà níbẹ̀ tó lè sọ pé tàwa ni. Ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ mi dópin. Ẹ ṣé tí ẹ ò tíì jù mí lókùúta. Ẹ ṣé o.

Ó ku ti irinwó sójà. Mẹ́fà ni wọ́n. Ọkọ̀ kan ló gbé wọn wá, kò sì sẹ́ni tó já bọ́ lára ẹ̀. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn kò ju ohun tí mo fi dá Victor lóhùn lẹ́yìn ògiri lọ. Mo ní "Good morning, sir." Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù.